Bí a ṣe ń fi àbùdá dá irú Rhodococcus equi mọ̀: láti ọ̀nà ọ̀fun ọmọ ẹṣin dé ojú kọ̀ǹpútà

Tí ọmọ ẹṣin tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí oṣù mẹ́fà bá ń húkọ́, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ìhà rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò kíákíá bó ṣe ń mí, Rhodococcus equi wà lára ohun tí dókítà ẹran máa kọ́kọ́ fura sí. Magnusson ló kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ ní orílẹ̀-èdè Sweden ní 1923, Corynebacterium equi ló sì pè é nígbà náà. Ní 1977 ni wọ́n kó o sí abẹ́ Rhodococcus. Àwọn ìwé mìíràn lóde òní ń pè é ní Prescottella equi. Ẹ fi gbogbo orúkọ wọ̀nyí sọ́kàn bí ẹ bá ń wá DNA rẹ̀ nínú àkójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ohun tí orúkọ kan bá gbé jáde, òmíràn lè má gbé e jáde.

Inú ilẹ̀ ni kòkòrò yìí ń gbé. Ó wà nínú ìgbẹ́ ẹṣin tí ara rẹ̀ dá ṣáká, ó wà nínú eruku ọgbà, ó sì wà nínú ìgbẹ́ ọmọ ẹṣin tí nǹkan kan kò ṣe. Nítorí náà, kí ènìyàn kàn sọ pé òun rí R. equi kò tíì sọ nǹkan kan. Èyí tó ń fa òtútù àyà fún ọmọ ẹṣin ni èyí tó gbé plasmid kan báyìí, òrùka DNA tí ó gùn tó nǹkan bí 80 sí 90 kb (kb kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún lẹ́tà DNA), tí jíìnì vapA wà lórí rẹ̀. Láìsí plasmid yẹn, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró tó ń gbé kòkòrò mì máa gbé e mì, wọ́n á sì pa á. Bí plasmid bá wà níbẹ̀, inú sẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an ló ti máa bí sí i. Kòkòrò kan náà ni, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀kan gbé idà, èkejì kò gbé nǹkan kan.

Gbogbo iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí dá lórí nǹkan méjì: kí a mọ̀ bóyá idà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì mọ ìdílé tí ẹni tó gbé idà ti wá.

Kọ ìbéèrè rẹ sílẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè ló máa sọ ibi tí iṣẹ́ yín máa dúró. Tí ẹ kàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú èyí tó ń ṣe ọmọ ẹṣin ni, PCR méjì (ọ̀nà tí a fi ń ṣe ẹ̀dà apá kan DNA lọ́pọ̀lọpọ̀ kí ó lè hàn) ti tó, ẹ sì lè rí èsì láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tí ohun àyẹ̀wò bá ti dé láàbù. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yà kan tí oògùn kò ràn mọ́ ti ń ti ọgbà kan bọ́ sí òmíràn, àfi kí ẹ ka gbogbo DNA rẹ̀ pátá.

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà: "Ṣé ọmọ ẹṣin yìí ló kó o ran tọ̀hún?" Eruku tí ọmọ ẹṣin fà símú ni ó sábà máa ń gbé R. equi wọ inú ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ó jẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè pé oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àìsàn tó hàn. Nínú ọgbà kan ṣoṣo, ẹ̀yà tó gbé vapA lè pọ̀ lóríṣiríṣi. Nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ẹṣin kan ṣoṣo pàápàá, a lè bá ju ẹ̀yà kan lọ. Ẹni tó bá mú kọ́lọ́nì kan (àkójọ kòkòrò tó hù jáde láti ara ẹyọ kan lórí àwo) láti ara ọmọ ẹṣin kan, tó mú kọ́lọ́nì kan láti ara èkejì, tó wá fi àìbáramu wọn sọ pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àìsàn wọn ti wá, kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: gbígba ohun àyẹ̀wò

Omi tí a fọ ọ̀nà ọ̀fun pẹ̀lú rẹ̀ ni ó dára jù. Dókítà ẹran máa fi omi oníyọ̀ 0.9% tí a ti pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀, nǹkan bí 10 sí 30 ml, sínú ọ̀nà èémí, á sì fà á padà lójú ẹsẹ̀. Tí ọmọ ẹṣin bá ti ń mí gúlegúle, iṣẹ́ yìí léwu fún un. Dókítà nìkan ló lè pinnu bóyá ó máa gbà á. Fún èyí tó ti kú, ẹ gé inú ìṣùpọ̀ ọyún nínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹ sì gba láti ibi mẹ́ta ó kéré tán, ní ìgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má ṣe po wọ́n pọ̀.

Òwú tí a tì bọ imú kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, torí ohun tó wà nínú eruku náà ló máa gbé wá. Ìgbẹ́ náà kò lè fi hàn pé ọmọ ẹṣin ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ pé ọgbà ni ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ gba ìgbẹ́, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ gbà á kí àǹtíbáyọ́tíìkì tó wọ ara ẹran náà. Ẹ gbé e sínú yìnyín, ní nǹkan bí 4 °C, kí ó sì dé láàbù kí wákàtí 24 tó pé. Ẹ kọ ọjọ́, nọ́ńbà ẹran, ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tí a ti gbà á àti oògùn tí ó ti lò sára ìgò. Ara ìgò ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe orí ìdérí, torí ìdérí máa ń pààrọ̀ ara wọn lórí tábìlì.

Kòkòrò yìí lè mú ènìyàn tí agbára ara rẹ̀ láti kojú àìsàn ti dínkù, pàápàá ẹni tó ní HIV tàbí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nídìí iṣẹ́ yìí. Inú àpótí ààbò ni kí ẹ ti máa ṣí ìgò, kí ẹ sì máa wọ ìbọ̀wọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: híhù ú lórí àwo

Ẹ tẹ́ ẹ sórí ágà ẹlẹ́jẹ̀ àgùntàn 5%, oúnjẹ dídì tí kòkòrò ń hù lórí rẹ̀, kí ẹ gbé e sí 37 °C níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ní wákàtí 24, tóótòòtó ni kọ́lọ́nì rẹ̀ ṣì máa ń rí, ẹni tí kò bá ní sùúrù á ti ju àwo náà nù. Ní wákàtí 48, ó ti tóbi, ó ń yọ̀, ó ń dán, àwọn tó bá sún mọ́ra máa ń ṣàn pọ̀ bí omi ojú. Tí ó bá pẹ́ sí i ni àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó jọ ẹran inú ẹja salmon máa hàn. Ẹ má retí àwọ̀ yẹn lọ́jọ́ kejì, kí ẹ má sì fi àìsí rẹ̀ sọ pé kì í ṣe òun.

Fún ilẹ̀ àti ìgbẹ́, ágà ẹlẹ́jẹ̀ kò ní ran yín lọ́wọ́, kòkòrò mìíràn á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ lo ágà NANAT, tí ó ní nalidixic acid, novobiocin, cycloheximide àti potassium tellurite. Tellurite yẹn máa ń sọ kọ́lọ́nì rẹ̀ di dúdú tàbí eérú, nítorí náà ojú tí ẹ fi mọ̀ ọ́n lórí ágà ẹlẹ́jẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ níbí.

Ẹ fi àwọ̀ Gram, tí a fi ń pín bakitéríà sí ọ̀nà méjì, kùn ún: ó máa ń gba àwọ̀ àlùkò, ó máa ń rí róbótó nígbà mìíràn, ó sì máa ń gùn díẹ̀ nígbà mìíràn. Àyẹ̀wò ẹńsáímù catalase máa ń hàn, ti oxidase kì í hàn. Tí ẹ bá fà á ní ìgun pẹ̀lú Staphylococcus aureus lórí ágà ẹlẹ́jẹ̀, ibi tí àwọn méjèèjì ti sún mọ́ ara wọn máa mọ́ kedere bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tú.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ní ìgbésẹ̀ yìí nìyí: láti ara ẹran kọ̀ọ̀kan, ẹ mú kọ́lọ́nì márùn-ún ó kéré tán, mẹ́wàá bí agbára yín bá ká a. Ẹ mú èyí tó ń yọ̀, ẹ mú èyí tó gbẹ, ẹ mú ńlá, ẹ mú kékeré. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ sì máa rí i gẹ́gẹ́ bí ẹni ọ̀tọ̀ títí dé òpin iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: dí i sínú fíríísà kí plasmid tó bọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ láàbù ti ń pàdánù èsì wọn láìmọ̀. Plasmid tó gbé vapA kì í dúró pẹ́ bí a bá ń gbé kòkòrò náà láti àwo dé àwo ní 37 tàbí 38 °C. Àwọn onímọ̀ tó bá fẹ́ ẹ̀yà tí kò ní plasmid, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rí i gan-an nìyẹn: wọ́n kàn ń gbé e láti àwo dé àwo ní 38 °C títí plasmid náà á fi bọ́. Tí ẹ̀yin náà bá tẹ́ ẹ ní ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lórí ágà kí ẹ tó ṣe PCR, ohun kan náà lẹ ń ṣe.

Nítorí náà, láti kọ́lọ́nì àkọ́kọ́, ẹ tẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan péré kí ó lè mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbá a sínú omi BHI (omi oúnjẹ kòkòrò) tí a fi glycerol 20% sí, ní túùbù méjì, kí ẹ gbé e sí −80 °C. Túùbù kan fún iṣẹ́, èkejì kò gbọ́dọ̀ jáde àyàfi tí ọ̀kan bá bàjẹ́. Láti ìgbà náà lọ, tí ẹ bá tún fẹ́ hù ú, 30 °C ni kí ẹ lò. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kí ó tó hù, ṣùgbọ́n plasmid kò ní sáré bọ́. Tí ó bá jẹ́ pé purotéènì VapA fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́ rí, ẹ ó padà sí 37 °C, torí inú ooru àti omi kíkan díẹ̀ ni kòkòrò náà ti ń ṣe é jáde. Fún DNA, kò pọn dandan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: yíyọ DNA

Ògiri ara R. equi nípọn, ọ̀rá sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ fún E. coli, bakitéríà tó wọ́pọ̀ ní láàbù, kì í sábà tó fún un.

Fún PCR lásán, sísè ti tó. Ẹ mú kọ́lọ́nì kan sínú 200 µl omi tó mọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ sè é ní 100 °C fún ìṣẹ́jú 10, ẹ gbé e sórí yìnyín fún ìṣẹ́jú 5, ẹ wá fi ẹ̀rọ centrifuge yí i ní 12,000 × g fún ìṣẹ́jú 5. Omi òkè ni ẹ ó lò. Ẹ má mú kọ́lọ́nì tó pọ̀ jù: ohun tó ń yọ̀ lára kòkòrò náà máa ń dí PCR lọ́wọ́. Tí nǹkan kan kò bá hàn, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ fi omi là á ní ìlọ́po mẹ́wàá, kí ẹ tún un ṣe. Ó yani lẹ́nu iye ìgbà tí èyí nìkan ń yanjú ọ̀rọ̀.

Fún kíkà gbogbo DNA, ẹ nílò èyí tó mọ́ tó sì gùn. Ẹ kó kòkòrò láti inú omi BHI 5 ml tó hù fún wákàtí 48 ní 30 °C. Ẹ fi lysozyme 20 mg/ml sínú TE (omi tí a fi ń tọ́jú DNA) tó ní Triton X-100 1%, kí ẹ jẹ́ kó wà ní 37 °C fún wákàtí méjì ó kéré tán. Kí ó sùn mọ́jú sàn jù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi proteinase K sí i, kí ẹ gbé e sí 56 °C títí omi náà á fi mọ́ gaara. Tí ó bá ṣì dúdú bí omi ìfọ̀ṣọ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ògiri kò tíì fọ́: ẹ fi bíìdì gíláàsì 0.1 mm gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí DNA á gé. RNase, ẹńsáímù tó ń jẹ RNA, tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀pá ìyọ-DNA tí ẹ bá ní. Ẹ fi ẹ̀rọ oníná tó ń ka DNA nìkan wọn iye rẹ̀. Ìdá A260/A280 (bí omi náà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ ní 260 àti 280 nm) tó bá wà láàárín 1.8 sí 2.0 dára fún mímọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń wọn ìdá yìí máa ń ka RNA pọ̀ mọ́ DNA, nítorí náà iye tó bá pè fún yín lè jẹ́ irọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: PCR

Jíìnì méjì lẹ ń wá. Èkíní ni choE, tó wà lórí krómósóòmù, olórí DNA kòkòrò náà. Òun ló ń sọ pé R. equi ni lóòótọ́. Èkejì ni vapA.

Práímà ni DNA kúkúrú méjì tó ń sọ ibi tí PCR ti máa bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí. Práímà fún choE: GTCAACAACATCGACCAGGCG àti CGAGCCGTCCACGACGTACAG, ìlà rẹ̀ lórí jẹ́ẹ̀lì jẹ́ 959 bp (bp kan jẹ́ lẹ́tà DNA kan). Práímà fún vapA: GACTCTTCACAAGACGGT àti TAGGCGTTGTGCCAGCTA, ìlà rẹ̀ jẹ́ 564 bp. Kí ẹ tó rà wọ́n, ẹ fi wọ́n wé DNA ẹ̀yà 103S, tí wọ́n ti ka gbogbo DNA rẹ̀, àti plasmid rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà kan tó bá ṣì tẹ̀ lè gba owó àti ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ yín.

Nínú túùbù 25 µl: master mix 2× (àpòpọ̀ ẹńsáímù àti ohun èlò PCR) 12.5 µl, práímà kọ̀ọ̀kan 1 µl láti inú 10 µM, DNA 2 µl, omi 8.5 µl. Fún choE, ẹ yọ 1.25 µl kúrò nínú omi, kí ẹ fi DMSO rọ́pò rẹ̀, kí ó lè jẹ́ 5%. Nǹkan bí 69% nínú DNA kòkòrò yìí ni G àti C, méjì nínú lẹ́tà mẹ́rin tí DNA ní, okùn rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra ju ti ọ̀pọ̀ kòkòrò mìíràn lọ, DMSO ló ń tú u. Ẹ gbé e sí 95 °C fún ìṣẹ́jú 5; lẹ́yìn náà, ìyípo 35 ní 95 °C fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, 55 °C fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, 72 °C fún ìṣẹ́jú 1; kí ó parí ní 72 °C fún ìṣẹ́jú 7.

Àwọn kan fẹ́ràn láti kó práímà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú túùbù kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é níbẹ̀rẹ̀. Práímà vapA kúrú, DMSO sì máa ń mú kí ó tètè bọ́ kúrò lára DNA. Ìlà choE á tàn yòò, ti vapA á rẹ̀, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé vapA kò sí. Ẹ ṣe wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí yóò fi dá yín lójú.

Kọ́ńtróò mẹ́rin, ìyẹn túùbù tí ẹ ti mọ èsì tó yẹ kó mú wá, ló gbọ́dọ̀ bá wọn rìn ní gbogbo ìgbà: ẹ̀yà ATCC 33701, tó ní choE àti vapA, ẹ̀yà ATCC 6939, tó ní choE tí kò ní vapA, omi lásán, àti túùbù tí a yọ "DNA" inú rẹ̀ láìfi kòkòrò kankan sí i. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun sì ló ń fi hàn bóyá ohun tí ẹ fi yọ DNA ti ní àbàwọ́n.

Ẹ gbé e sórí jẹ́ẹ̀lì agarose 1.5% ní 100 V fún ìṣẹ́jú 45, pẹ̀lú òṣùwọ̀n 100 bp.

Kí ni ìlà náà ń sọ?

Tí choE àti vapA bá hàn, irú èyí tó ń ṣe ọmọ ẹṣin ni.

Tí choE kò bá hàn tí vapA náà kò sì hàn, ó lè jẹ́ pé kòkòrò mìíràn ni, ó sì lè jẹ́ pé DNA kò jáde. Ẹ fi práímà 16S tó ń mú gbogbo bakitéríà dán an wò. Tí 16S hàn, kì í ṣe R. equi. Tí òun náà kò hàn, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin.

Tí choE bá hàn tí vapA kò hàn, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Ẹ má sáré kọ ọ́ pé "kò léwu". Ẹ padà sí àwo àkọ́kọ́ tàbí túùbù fíríísà, ẹ mú kọ́lọ́nì mẹ́wàá mìíràn. Tí vapA bá hàn lára díẹ̀ nínú wọn, ó ṣeé ṣe kí plasmid ti bọ́ lára ìyókù, ó sì tún ṣeé ṣe kí ẹ̀yà méjì wà nínú ẹran náà. Tí kò bá hàn lára ẹyọ kan, ẹ wá traA, jíìnì tó wà lára àwọn plasmid yìí láìka irú ẹran tí wọ́n ti wá sí. Tí traA bá hàn pẹ̀lú vapB, irú tó wọ́pọ̀ lára ẹlẹ́dẹ̀ ni. Tí traA bá hàn, tí vapA àti vapB kò sí, ẹ wá vapN: irú tó wọ́pọ̀ lára màlúù ni, tí plasmid tirẹ̀ jẹ́ okùn gbọọrọ dípò òrùka. Gbogbo irú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni wọ́n ti rí lára ènìyàn. Tí traA pàápàá kò bá sí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ kòkòrò inú ilẹ̀ lásán ni ẹ gbé lọ́wọ́, kí ohun mìíràn sì máa ṣe ọmọ ẹṣin yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fífi ẹ̀yà wéra

Kí kíkà DNA tó di ohun tí ọwọ́ lè tó, PFGE, ọ̀nà tí a fi ń ya ègé DNA ńláńlá sọ́tọ̀ lórí jẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n ń lò, àwọn láàbù kan ṣì ń lò ó. Ẹ fi kòkòrò sínú agarose, ẹ fi lysozyme àti proteinase K tú ara rẹ̀ síbẹ̀, ẹ wá fi ẹńsáímù VspI, tí orúkọ rẹ̀ kejì ń jẹ́ AseI, gé e. Ibi tí ATTAAT wà ni ẹńsáímù yìí ń gé. Nínú DNA tí G àti C kún inú rẹ̀, ibẹ̀ kò pọ̀, ìyẹn ni ègé rẹ̀ fi ń tóbi tí ó sì ṣeé kà. Jẹ́ẹ̀lì 1%, omi jẹ́ẹ̀lì TBE 0.5×, 14 °C, 6 V/cm. Tí ìlà bá ń ṣe kùrukùru, ẹ fi thiourea 50 µM sínú omi jẹ́ẹ̀lì náà.

Òfin tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995 fún kíka ìlà PFGE ni pé tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ìlà 2 sí 3, wọ́n sún mọ́ra. 4 sí 6, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tan. 7 sókè, wọn kò tan. Òfin yẹn wà fún àjàkálẹ̀ àìsàn tó ṣẹlẹ̀ láàárín àkókò kúkúrú, kò dára kí a fi wé ẹ̀yà ọdún yìí pẹ̀lú ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹ tún ṣọ́ra: plasmid tó bá bọ́ lè yí ìlà padà láìjẹ́ pé krómósóòmù yí.

Àwọn kan tún máa ń fi ẹńsáímù EcoRI àti EcoT22I gé plasmid nìkan, láti mọ̀ bóyá 85 kb, 87 kb tàbí 90 kb ni. Ó wúlò fún wíwo bí irú plasmid ṣe tàn káàkiri ayé. Láti mọ̀ bóyá àìsàn ń rìn láàárín ọgbà, kò wúlò púpọ̀, torí irú díẹ̀ ló wọ́pọ̀, tí ẹ̀yà tí kò tan rárá sì lè gbé irú plasmid kan náà.

Ìgbésẹ̀ keje: kíka gbogbo DNA

Krómósóòmù R. equi gùn tó nǹkan bí mílíọ̀nù lẹ́tà 5. Tí ẹ bá fẹ́ kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan di kíkà ní ìgbà 100, ẹ nílò nǹkan bí mílíọ̀nù 500 lẹ́tà fún ẹ̀yà kan. Ìgbà 50 ti tó láti fi ẹ̀yà wéra. Fún kíkà Illumina (ẹ̀rọ tó ń ka DNA ní ègé kúkúrú) ti 2×150 (lẹ́tà 150 láti ìpẹ̀kun méjèèjì), ẹ bi àwọn tó ń ṣe é bóyá wọ́n lè palẹ̀ DNA mọ́ láìlo PCR. PCR inú ìpalẹ̀mọ́ máa ń kùnà níbi tí G àti C ti pọ̀, ìyẹn sì pọ̀ níbí. Ẹ ó rí ihò káàkiri, ẹ ó rò pé jíìnì ló sọnù.

Nígbà tí fáìlì bá dé, ẹ fi irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà SPAdes tò ó. Kí ẹ tó wo jíìnì kankan, ẹ wo nǹkan méjì: gígùn àpapọ̀ àti ìdá GC. Tí gígùn bá wà láàárín 5 sí 5.4 Mb (Mb kan jẹ́ mílíọ̀nù lẹ́tà), tí GC sì wà ní nǹkan bí 68 sí 69%, ó dára. Tí gígùn bá jẹ́ 7 tàbí 8 Mb, kòkòrò méjì ló wà nínú túùbù yín, ẹ padà sí fíríísà. Kò sí irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó lè yọ yín nínú ìyẹn.

Láti fi ẹ̀yà wéra, ẹ fi 103S ṣe òṣùwọ̀n, ẹ lo Snippy láti wá ibi tí lẹ́tà ti yàtọ̀, ẹ fi Gubbins yọ ibi tí DNA ti jẹ́ àyálò, ẹ wá fi IQ-TREE ya igi ìdílé wọn. Ẹ yọ plasmid kúrò nínú ìṣirò yìí. Ó máa ń ti ara kòkòrò kan bọ́ sí òmíràn, nítorí náà ìtàn tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti krómósóòmù. Igi kan fún krómósóòmù, igi kejì fún plasmid.

Ẹ wo ìdènà oògùn pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n sábà fi ń wo ọmọ ẹṣin ni rifampicin pẹ̀lú azithromycin, clarithromycin tàbí erythromycin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí ni àwọn ọgbà kan ní Kentucky, ní Amẹ́ríkà, ti ń fi ẹ̀rọ ultrasound wo àyà ọmọ ẹṣin, tí wọ́n sì ń fún èyí tí àmì kékeré bá hàn lára rẹ̀ ní oògùn méjèèjì kí àìsàn tó gbilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yà tí oògùn méjèèjì kò ràn mọ́ wá gbilẹ̀. Wọ́n pe ìdílé rẹ̀ ní 2287: ó ní jíìnì erm(46), tó ń dènà àwọn oògùn bí azithromycin, ó sì ní àyípadà ní jíìnì rpoB, níbi tí serine, ọ̀kan nínú àwọn amino acid tó para pọ̀ di purotéènì, ní ipò 531 ti di phenylalanine, èyí tó ń dènà rifampicin. Ìdílé mìíràn, G2016, ní erm(46) pẹ̀lú, ṣùgbọ́n serine 531 tirẹ̀ di tyrosine.

Nítorí náà, ẹ wá erm(46) pẹ̀lú BLAST, irinṣẹ́ tó ń wá DNA tó jọra, ẹ sì fi ojú ara yín wo 531 nínú rpoB. Ẹ rántí pé nọ́ńbà 531 yẹn, ti E. coli ni, tí ẹ bá ka purotéènì R. equi láti ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà mìíràn lẹ ó bá níbẹ̀, ẹ ó wá rò pé àyípadà kò sí. Ẹ to méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ẹ tó kà. Ẹ má sì gbára lé irinṣẹ́ tó ń wá jíìnì ìdènà nìkan: inú àkójọ tí wọ́n bá gbé lé lórí nìkan ló ti ń wá, àkójọ tó ti pẹ́ lè má ní erm(46) nínú rárá.

Jíìnì kò rọ́pò dídán oògùn wò. Ẹ fi kòkòrò kan náà, láti túùbù fíríísà kan náà, dán MIC (ìwọ̀n oògùn tó kéré jù tó lè dá kòkòrò dúró) wò. erm(46) lè ti ara kòkòrò kan bọ́ sí òmíràn, rpoB kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yà tó ní erm(46) tí rpoB rẹ̀ kò yí lè wáyé. Rifampicin lè ṣì dí irú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí dókítà bá lò ó nìkan láìsí oògùn kejì, àyípadà rpoB kì í pẹ́ yọ. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé èsì kedere.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé èsì

Nọ́ńbà ẹran, iye kọ́lọ́nì tí ẹ yẹ̀ wò, iye tó ní vapA nínú wọn (fún àpẹẹrẹ, "8 nínú 10"), iye ìgbà tí ẹ tẹ́ kòkòrò náà kí ẹ tó yọ DNA, àti ìwọ̀n ooru tí ẹ lò. Ọ̀pọ̀ ìwé èsì kì í ní méjì tó kẹ́yìn yìí, bẹ́ẹ̀ láìsí wọn, kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá "vapA kò sí" túmọ̀ sí pé kò sí nínú ọmọ ẹṣin, àbí inú láàbù ló ti bọ́.

Fún ìfiwéra, ẹ kọ iye lẹ́tà tó yàtọ̀ láàárín ẹ̀yà méjì-méjì. Ẹ má kàn kọ "wọ́n jọra". Tí ẹ̀yà méjì láti ọgbà kan bá yàtọ̀ ní lẹ́tà díẹ̀ péré, ẹ kọ pé ó bá a mu pé orísun kan ni wọ́n ti wá. Orísun yẹn lè jẹ́ ilẹ̀ ibùjẹ ẹran, ó lè jẹ́ eruku inú ilé ẹran, ó lè jẹ́ ìgbẹ́ ìyá. Àyàfi tí ẹ bá ní ẹ̀yà láti ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ọgbà náà lórí igi kan náà ni ẹ fi lè sọ èwo ni.